Ẹni tí a Pè ní Àjẹ́ Níwájú Òfin

Nítorí pé ìlú Ẹ́mírì ni àwa ará Fate ń gbé, àwọn kan nínú wa gbà pé bí a bá fa ènìyàn lọ sí kóòtù Ìlọrin pé àjẹ́ ni, ikú ni adájọ́ yóò dá fún un. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fa ènìyàn lọ gan-an ni òfin lè kọ́kọ́ mú.

Òfin ọ̀ràn dídá tí ìpínlẹ̀ Kwara ń lò ni Penal Code, tí ìjọba Àríwá ṣe, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1960, tí òmìnira ku ọjọ́ kan. Abala 216 rẹ̀ to ẹ̀ṣẹ̀ méjì tira: kí ènìyàn fi ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe sọ ara rẹ̀ di àjẹ́, àti kí ó pe ẹlòmíràn ní àjẹ́, tàbí kí ó fi ìpè bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà á. Ìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n tí ó lè tó ọdún 2, tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì. Òfin náà kò sọ pé àjẹ́ wà, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé kò sí. Ohun tí etí gbọ́ tí ojú sì rí ni ó ń dá lẹ́jọ́.

Ṣáájú ìgbà náà, òfin Maliki ni àwọn alùkálì ilẹ̀ àwọn Ẹ́mírì ń tẹ̀ lé. Lọ́dọ̀ Imam Malik, ikú ni ẹ̀san oṣó. Ṣùgbọ́n Imam Shafi'i ní kí a kọ́kọ́ bi í léèrè irú iṣẹ́ tí ó ṣe. Ó ti pẹ́, nígbà náà, tí àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Zamfara kọ ikú sínú òfin Ṣàríà tirẹ̀ ní ọdún 2000. Ní Saudi Arabia, ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, wọ́n bẹ́ orí obìnrin kan nítorí ẹ̀sùn oṣó.

Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe tìtorí èyí gbéraga. Àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ Europe, àwa Kátólíìkì pẹ̀lú, dáná sun ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lórí irú ẹ̀sùn kan náà. Ní ọdún 1631 ni Friedrich Spee, àlùfáà Jésúìtì ará Jámánì, tẹ ìwé kan jáde láìfi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ó fi hàn níbẹ̀ pé ìdálóró ni ó ń sọ ènìyàn di àjẹ́: ẹni tí a bá fi ìrora lọ́ ní iṣan yóò jẹ́wọ́, yóò sì dárúkọ ẹlòmíràn, a ó sì tún mú onítọ̀hún.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan àdúgbò wa. Bí ọmọ kan bá kú nínú ilé, tí a mú ìyá àgbà lọ sí ilé àdúrà kan, tí a fi ebi àti pàṣán há a mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó lè jẹ́wọ́ kí ó ṣáà lè sinmi. Bí a bá ka abala 216 bí wọ́n ti kọ ọ́, ìyá náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ rú òfin, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó nà án ti rú u. Àyàfi bí adájọ́ bá béèrè pé, "Ìyá, kí ni wọ́n ṣe sí yín kí ẹ tó sọ ọ́?" Aládùúgbò tí ó gbọ́ igbe rẹ̀ lóru ni ẹlẹ́rìí tí adájọ́ náà yóò máa wá.