Nígbà Tí Ọbẹ̀ Kò Bá Pọ̀, Ta Ni Ẹja Tọ́ Sí?

Obìnrin tí ó ń lọ sí ọjà kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé nǹkan le. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ni apẹ̀rẹ̀ ọjà wa ti ń fúyẹ́ sí i. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹfà ọdún 2024, ìṣirò ìjọba àpapọ̀ fi hàn pé owó oúnjẹ fi ohun tí ó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún kan ṣáájú. Owó oṣù kò bá a ga, áńbọ̀sì owó ìfẹ̀yìntì.

Nítorí náà, bí a bá pàdé, ọ̀rọ̀ bí a ó ṣe ṣọ́wó ná ni ó máa ń wà lẹ́nu wa. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà béèrè, òun ni a fẹ́ kí a jọ rò: nígbà tí a bá ti ná owó náà tán, tí ọbẹ̀ sì ti jinná, báwo ni a ṣe ń pín in? Àwa obìnrin ni a di ṣíbí ọbẹ̀ mú. Ẹni tí ó bá di ṣíbí mú nígbà tí oúnjẹ kò tó, onídàájọ́ ni, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tiwa. Lẹ́yìn tí ètò SAP bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1986, owó olùkọ́ kò tó ná mọ́, ìgbà mìíràn sì wà tí kì í tètè wọlé. Ẹja kan ni a máa ń rà, a ó sì gé e sí mẹ́rin. Orí àti àárín jẹ́ ti baálé, èyí tí ó kù jẹ́ ti àwọn ọmọ ńlá méjì. Àwa a fi ẹ̀bà nu ìdí ìkòkò, a sì rò pé ìwà mímọ́ nìyẹn. Ọmọ wa kẹta, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò rẹ̀ tí ó dé, ẹ̀kọ àti omi ọbẹ̀ ni tirẹ̀. A ní ọmọdé kò mọ adùn ẹja, egungun yóò sì há a lọ́fun.

Kò pẹ́ tí ọmọ náà kò fi ṣeré mọ́. Ó ń sunkún ṣáá, irun rẹ̀ ń pọ́n, ó sì ń já. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, a rò pé ó ń sanra ni! Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, ìbéèrè kan péré ni nọ́ọ̀sì bi wá: “Ìyá, ta ní ń jẹ ẹja nílé yín?” Ẹnu wa wọhò. Àwa yìí kan náà ni a ń kọ oríṣiríṣi oúnjẹ aṣaralóore sí ojú pátákó fún ọmọ ọlọ́mọ ní ilé ẹ̀kọ́.

Kwashiorkor ni àìsàn náà. Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, ni ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tí ń sọ èdè Ga ni ó ti gbọ́ orúkọ náà: àìsàn tí ń mú ọmọ tí àbúrò ti gba ipò rẹ̀. Ẹ ò rí i pé àwọn ìyá ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ipò wà nínú rẹ̀! Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ní ilé ìwòsàn Wesley Guild tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Iléṣà, Dókítà David Morley mú iṣẹ́ tọ ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé lọ. Wọ́n ń wọn àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, wọ́n sì ń sàmì ìwọ̀n wọn sórí káàdì tí ìyá ọmọ ń tọ́jú sọ́dọ̀, kí a lè mọ ọmọ tí oúnjẹ kò kàn dáadáa kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Òṣùwọ̀n kì í ṣojúsàájú. Ṣíbí wa ni ó ń ṣe é.

Kí wá ni ìdájọ́ òdodo nídìí ìkòkò? Èrò tiwa ni pé ẹni tí ara rẹ̀ nílò oúnjẹ náà jù ni kí a kọ́kọ́ bù fún, kì í ṣe ẹni tí ipò rẹ̀ ga jù. Àgbàlagbà ti kọ́ ilé ara rẹ̀ tán, àtúnṣe ló kù. Ọmọdé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ni. Aláboyún àti abiyamọ ń bọ́ ẹni méjì.

Àwọn kan yóò ní, “Ṣé kí a wá tàbùkù baálé tí ó ń mú owó wá ni?” Rárá o. Ọ̀wọ̀ wà nínú bí a ṣe ń kúnlẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ àti bí a ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Kò sí nínú ìwọ̀n ẹja nìkan. Ọ̀pọ̀ baálé ni kò mọ ohun tí ó kù nínú ìkòkò, nítorí pé a kì í sọ fún wọn. Ní ọjọ́ tí a ròyìn ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì nílé, bàbá ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó fọ́ ẹja rẹ̀ sí méjì, tí ó sì pe ọmọ náà wá sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Àwọn mìíràn ní ẹyin àti ẹran ń sọ ọmọ di olè. Ohun tí a fi ojú rí fún ọdún púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ yàtọ̀ sí èyí. Ọmọ tí a kì í fún ní ẹran ni ó ń dọdẹ ìkòkò.

Ìyá tí ó ń fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí ọmọ ńkọ́? A kò ní bá a wí, nítorí ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó ṣì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ nílò oúnjẹ tí ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun ju ọkùnrin lọ. Bí ó bá ṣubú, ta ni yóò dáná? Àwọn ọmọbìnrin wa sì ń wò wá. Wọ́n ń kọ́ pé ẹnu obìnrin ni ó gbọ́dọ̀ kẹ́yìn.

Ìpín òdodo yóò rọrùn bí a bá mọ oúnjẹ tí owó kékeré lè rà. Nínú gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ, nǹkan bí gíráàmù 23 ni èròjà tí ń mú ara dàgbà. Ti gàrí kò tó gíráàmù mẹ́ta. Nítorí náà, àdàlú, èkuru, tàbí ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín sàn ju ẹ̀bà ńlá pẹ̀lú omi ọbẹ̀ lọ. Ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè dáwó ra àpò ẹ̀wà kan lẹ́yìn ìkórè, kí wọ́n fi kóńgò pín in. Ẹ lọ ṣáwá gbígbẹ kúnná, kí ẹ bù ú sínú ògì ọmọ tí ó ti lé ní oṣù mẹ́fà, pẹ̀lú epo pupa díẹ̀. Egungun kò ní há ẹnikẹ́ni lọ́fun. Ẹ má bọ ẹ̀fọ́ títí kí ẹ da omi rẹ̀ nù. Ọsàn lẹ́yìn oúnjẹ ẹlẹ́fọ̀ọ́ tàbí ẹlẹ́wà ń ran ara lọ́wọ́ láti gba ohun tí ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun. Ṣùgbọ́n tíì ń dí i lọ́wọ́.

Ẹnì kan ṣì kù tí a kò tíì dárúkọ: ọmọ ọlọ́mọ tí ó ń gbé lọ́dọ̀ wa, tí ó ń gbálẹ̀, tí ó ń fọ abọ́, tí ó sì ń jẹun lẹ́yìn gbogbo ènìyàn. Ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀ láti wo ohun tí a bù fún un. Òun gan-an ni òṣùwọ̀n ìdájọ́ wa.

Ọmọ wa kẹta yè, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Ó ti di ìyá ọlọ́mọ. Nígbà tí a lọ kí i lọ́jọ́ kan, ṣáwá mẹ́fà ni ó wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀, ẹni mẹ́fà sì ni ó jókòó, pẹ̀lú ọmọ tí ó ń bá a ṣe iṣẹ́ ilé. Ó bu ọ̀kọ̀ọ̀kan fún olúkúlùkù, ó sì jókòó ti tirẹ̀. A kò sọ ohunkóhun. A jẹ ẹja wa.