Owó ni ajigbèsè jẹ, kò fi orúkọ rẹ̀ dógò

Bí ẹnìkan bá jẹ wá lówó tí kò san, kí ni ó tọ́ kí á gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìdáhùn àkọ́kọ́ rọrùn: owó wa ni. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ asingbèsè, ìyẹn àwọn tí olówó ń rán lọ béèrè owó, ń gbà ṣiṣẹ́ lónìí, a ó rí i pé kí owó tó dé, orúkọ ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nìyí: ṣé ẹni tí ó yáwó ti fi iyì rẹ̀ dógò pẹ̀lú?

Àpẹẹrẹ tí ó hàn jù wà ní Nàìjíríà, tí ààlà rẹ̀ kò jìnnà sí Aguidi. Níbẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ kan tí ń yáni lówó lórí fóònù a máa kó gbogbo nọ́ńbà tí ó wà nínú fóònù ẹni tí ó yáwó. Bí ọjọ́ bá pé tí kò san, wọn a ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, sí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, sí àwọn tí wọ́n jọ ń jọ́sìn, pé olè ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, àjọ ìjọba tí a ń pè ní NITDA bu mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ Soko Lending gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn. Ìwádìí fi hàn pé àwọn tí wọ́n ránṣẹ́ sí kò sí nínú àdéhùn owó náà rárá. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, pẹ̀lú àwọn àjọ mìíràn, wọ ọ́fíìsì irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ ní Ìkẹjà.

Kí a má ṣe sọ pé fóònù ni ó kọ́ wa ní ìwà yìí. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní ọdún 1921, ṣàpèjúwe Ológò. Nígbà tí olówó bá ti sọ ìrètí nù, Ológò, ẹni tí àwọn aláṣẹ ìlú fún ní àṣẹ, a wọ ilé ajigbèsè, a dógò tì í. A máa bú u láti òwúrọ̀ di alẹ́, a máa tẹ̀lé e kiri, a máa pa adìyẹ rẹ̀ jẹ, títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi sú gbogbo agbo ilé, tí wọn yóò sì wá owó san. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àwọn baba wa mọ̀ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ìmọ̀ yìí gan-an ni wọ́n fi ń gbowó.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ wà. Ìlú mọ Ológò, ìlú ni ó fún un láṣẹ. Bí ó tilẹ̀ ń jẹun nínú ilé náà, kò gbọdọ̀ mú ohunkóhun lọ sí ilé ara rẹ̀. Agbo ilé tí ojú ń tì ni agbo ilé tí ó lè san. Asingbèsè orí fóònù kò ní ojú tí a lè mọ̀, ó sì ń kó ìtìjú bá ẹni tí kò jẹ, tí kò mọ̀, tí kò sì lè san. A lè san gbèsè tán, ṣùgbọ́n ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Ẹnìkan lè bi wá pé: ta ni yóò gba ẹjọ́ olówó rò? Ìbéèrè gidi ni. Nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ń ṣe onídùúró fún ara wọn ní ilé ìyánilówó kéékèèké, bí ẹnìkan kò bá san, inú èrè gàrí àti epo àwọn yòókù ni owó náà ti ń jáde. Ẹni tí ó ní owó lọ́wọ́ tí ó ń sá fún wọn ń fi ìyà jẹ wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni a sì máa ń sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ olówó rò pé ó sàn kí àwọn rán ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n ẹ̀sín kò mọ ẹni tí kò ní yàtọ̀ sí ẹni tí kò fẹ́ san. Aláìnítìjú kò bìkítà fún un. Ẹni tí ó mọyì orúkọ rẹ̀ ni ó ń dá lóró, tí yóò sì lọ yá owó mìíràn láti fi san ti àkọ́kọ́. Ìyà náà kò tẹ̀lé bí gbèsè ti pọ̀ tó. Bí ojú ti ń tini tó ni ó ń tẹ̀lé. Níbẹ̀ ni àìṣòdodo rẹ̀ wà.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí òfin gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀sín. Òfin tí OHADA, àjọ tí ó so òfin òwò orílẹ̀-èdè 17 ní Áfíríkà pọ̀, ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 1998 ṣí ọ̀nà kúkúrú sílẹ̀ fún olówó láti gba àṣẹ ìsanwó lọ́dọ̀ adájọ́. Òfin kan náà, kí èyí tí a ṣe ní ọdún 2023 tó rọ́pò rẹ̀, sọ pé a kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹrù ajigbèsè ṣáájú agogo 8 òwúrọ̀ tàbí lẹ́yìn agogo 6 ìrọ̀lẹ́, tàbí ní ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà tí adájọ́ sì fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí wákàtí wọ̀nyí: òfin gbà pé ajigbèsè ṣì jẹ́ ènìyàn tí ń sùn, tí ń sinmi, tí ó ní ìdílé. Ní orílẹ̀-èdè Benin, Code du numérique ti ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2018 sì dáàbò bo ìsọfúnni nípa ara ẹni. Àjọ APDP ni a ń mú ẹ̀sùn rẹ̀ lọ bá.

Nítorí náà, ní Aguidi, ní Pobè àti ní Sakété, bí asingbèsè bá dé ẹnu ọ̀nà aládùúgbò wa, kí a bá a béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀. Bí èébú nípa gbèsè ẹlòmíràn bá wọ inú fóònù wa, kí ó parí sọ́dọ̀ wa. Ẹni tí ó bá fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn ti di Ológò tí ìlú kò rán. Kí ajigbèsè san owó olówó, nítorí ẹ̀tọ́ ni. Lẹ́yìn tí ó bá san án tán, kí ó ṣì lè gbé ojú sókè kí wa lọ́jà.