Ta Ló Ni Àkáǹtì Bàámi?

Kọ̀ǹpútà kì í fi orúkọ dá èèyàn mọ̀. Orúkọ tí à ń rí lójú rẹ̀ bá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, àwa la kọ ọ́ síbẹ̀ kó lè rọrùn fún wa. Nínú lọ́hùn-ún, nọ́ńbà ló ń wò. Lórí Windows, S-1-5-21 ni nọ́ńbà náà fi ń bẹ̀rẹ̀, òǹkà gbọọrọ mẹ́ta á tẹ̀ lé e, ìparí rẹ̀ á wá jẹ́ 1001, 1002, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, bá a bá ṣe ń dá àkáǹtì sílẹ̀ sí. Bí ẹ bá pa àkáǹtì kan rẹ́ lónìí, tí ẹ dá òmíràn sílẹ̀ lọ́la pẹ̀lú orúkọ kan náà, password kan náà, àwòrán kan náà, nọ́ńbà tuntun ni yóò gbà. Lójú ẹ̀rọ náà, àlejò ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá má kàn mí. Ẹ̀kọ́ Bíbélì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama n'Íbàdàn. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa ní Òkè-Àdó, èmi ni wọ́n máa ń ké sí bí kọ̀ǹpútà bá ti ń ṣe bó ṣe fẹ́.

Bàámi ló ra èyí àkọ́kọ́ wọ pálọ̀ wa. Akọ̀wé rélùwéè ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn ò sì fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀ nílé: ìwé ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò, orúkọ àwọn tó dáwó ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìtàn ìdílé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí wọn ò parí. Lẹ́yìn tí wọ́n kú, kò pẹ́ púpọ̀ tí ìyàwó àbúrò mi fi bí ọkùnrin, kò sì sẹ́ni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè orúkọ tí a ó sọ ọ́. Babátúndé. Màámi kì í tilẹ̀ pe orúkọ yẹn, "ọkọ mi" ni wọ́n ń pè é. Bó bá ti iléèwé dé, wọ́n á ní "Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀," wọ́n á fi orúnkún kan kanlẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rín á pa gbogbo wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe eré nìkan. Ọmọ náà máa ń káwọ́ sẹ́yìn rìn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft jáwọ́ nínú Windows 10. Ẹ̀rọ Bàámi kò ní TPM 2.0 tí Windows 11 ń bèèrè, nítorí náà a ra tòkunbọ̀ kan tó ṣì lágbára. Mo dá àkáǹtì sílẹ̀ fún Màámi, mo dá sílẹ̀ fún Tólú ọmọ mi. Ó ku Babátúndé. Màámi ní kí n dúró ná.

"Ìyá Tólú, má dá tuntun fún ọkọ mi o. Tiwọn ti wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni kó o gbé fún wọn."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni "wọn" yìí o.

Mo yọ háàdì dísìkì ti àtijọ́, mo fi okùn USB so ó mọ́ tuntun. Mo ti dá àkáǹtì kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Baba, gẹ́gẹ́ bí Bàámi ṣe tẹ tiwọn, pẹ̀lú password wọn. Mo wọ inú rẹ̀, mo tẹ fódà wọn; ó ní n ò láṣẹ àtiwọlé. Mo wá lọ sí Properties, mo lọ sí Security, níbi tí orúkọ àwọn tó láṣẹ lórí fódà máa ń wà. Níbi tó yẹ kí n ti rí orúkọ Bàámi, ohun tí mo bá ni "Account Unknown" àti nọ́ńbà gbọọrọ yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orúkọ wọn wà lórí fódà. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ̀ wà nínú rẹ̀, fọ́tò wọn nínú aṣọ òfì wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà ní òun ò mọ ẹni náà rí.

Ẹni tó bá jẹ́ administrator lè fi agbára gba fódà bẹ́ẹ̀. Mo gbà á, mo kó ìwé àti fọ́tò. Ìyẹn ò nira, ogún ni, ogún sì ṣe é pín, ì báà jẹ́ ní ìdí-igi, ì báà jẹ́ ní orí-òjorí. Ibi tó ti le ni ìwà àkáǹtì náà fúnra rẹ̀. Fáìlì kan wà tó ń jẹ́ NTUSER.DAT, òun ló ń tọ́jú bí oníǹkan ṣe fẹ́ kí nǹkan òun rí: àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, bí máòsì ṣe máa yára sí, àti ọ̀pọ̀ nǹkan wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀. Láyé Windows XP, bọ́tìnnì kan wà tí a lè fi da gbogbo rẹ̀ kọ fún ẹlòmíràn. Láti orí Windows 7, bọ́tìnnì yẹn kò dáhùn fún àkáǹtì kankan mọ́ àyàfi èyí tó ń jẹ́ Default, tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, tí gbogbo àkáǹtì tuntun sì jẹ́ ẹ̀dà rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọlé. Àwọn password tí Bàámi fi pamọ́ sínú Chrome ńkọ́? Àkáǹtì wọn ni wọ́n fi tì í pa. A lè gbé fáìlì náà lọ síbi tó bá wù wá, kò ní ṣí fún ẹlòmíràn.

Mo sọ fún Màámi pé kò ṣe é ṣe. Wọ́n wò mí bí ẹni tó sọ̀rọ̀ òpè. "Ta ló wá ni ín, bí kì í bá ṣe ẹni tó ni ín?"

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń bi mí.

Àwọn òyìnbó onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti bá irú ìbéèrè yìí wọ̀yá ìjà. Derek Parfit, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìwé rẹ̀ Reasons and Persons tó jáde ní 1984, ní ká ro ti ẹ̀rọ kan tó ń ka gbogbo ara èèyàn, tó ń pa á rẹ́ níhìn-ín, tó sì ń tún un mọ ní Mars. Ẹni tó jí lọ́hùn-ún rántí ohun gbogbo. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ náà mọ ọ́n lọ́hùn-ún ṣùgbọ́n kò pa ti ìhín rẹ́. Èwo wá ni òun? Parfit parí rẹ̀ sí pé kì í ṣe bóyá òun gan-an ni ló ṣe pàtàkì. Mi ò lè gbé ìyẹn fún Màámi. Àmọ́ ohun tó ń kó jìnnìjìnnì bá èèyàn nínú ìtàn yẹn, pé ẹ̀dà wà, ojúlówó náà sì wà, a ti ń bá a gbé nínú agboolé wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Bọ́lájí Ìdòwú, tó padà di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà, ṣàkíyèsí rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ Olódùmarè ní 1962: baba tó yà lọ́dọ̀ ọmọ kò torí bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́run. Ó lè yà lọ́dọ̀ ọmọ mẹ́ta, kí Babátúndé mẹ́ta máa sáré kiri àgbàlá, kí wọ́n ṣì máa ké sí baba náà pé kó má sùn. N ò tíì rí ìdílé tó ní kí ẹ dákẹ́ ẹ̀bẹ̀ nídìí sàréè, pé ẹni tí ẹ̀ ń pè wà ní pálọ̀ tó ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Màámi gan-an tó ń pe ọmọ ní ọkọ wọn, ọdọọdún ni wọ́n ń lọ síbi sàréè ọkọ wọn, wọ́n á ro ẹjọ́ gbogbo wa fún wọn, ti Babátúndé náà.

Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà mọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Bí a bá gbé fáìlì lọ sí ibòmíràn, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ á ṣófo. Bí a bá dà á kọ, ó wà níbi méjèèjì. Èrò tèmi ni pé àdàkọ ni ìpadàwá baba. Ìrìn lè padà wá, ohùn lè padà wá, àti bí èèyàn ṣe ń bínú. Ẹni tó ni ìrìn náà kò ṣípò.

Kẹ́nì kan má wá sọ pé mo ti fi nọ́ńbà jẹ ọba. Àbúrò mi, bàbá Babátúndé, Linux tó ń jẹ́ Ubuntu ló ń lò. Nọ́ńbà ti ibẹ̀ kúrú: 0 ni ti ọ̀gá tí wọ́n ń pè ní root, 1000 ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ilé. Bí ẹ bá pa 1001 rẹ́ tí ẹ fi àwọn fáìlì rẹ̀ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ẹ bá fún ní 1001 lẹ́yìn rẹ̀, ì báà jẹ́ àjèjì pátápátá, òun ló ni gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Windows lé ọmọ lẹ́nu ọ̀nà, Linux sọ àjèjì di àrólé. Kò sí èyí tó mọ èèyàn nínú àwọn méjèèjì.

Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 nípa Jòhánù Onítẹ̀bọmi, kò sí ọdún tí ẹnì kan kì í nawọ́. Nínú Mátíù orí 11, Jésù ní Jòhánù ni Èlíjà tí ń bọ̀. Nínú Jòhánù orí 1, wọ́n bi ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ bóyá òun ni Èlíjà, ó ní òun kọ́. Lúùkù orí 1 ni mo máa ń kó wọn lọ, níbi tí áńgẹ́lì ti sọ pé ẹ̀mí àti agbára Èlíjà ni yóò fi wá. Ẹ sì wò ó: lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ́ Jòhánù lórí, Èlíjà fúnra rẹ̀ tún fara hàn lórí òkè pẹ̀lú Mósè. Mo mọ àwọn pásítọ̀ tí inú wọn kò ní dùn pé mo gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Babátúndé. Ọ̀rọ̀ wọn kò yí ohun tó wà nínú ìwé padà.

Síbẹ̀, ìtàn Àjàlá tó ń mọ orí lọ́run ló tẹ́ mi lọ́rùn jù, bí Wándé Abímbọ́lá àti àwọn mìíràn ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ láti inú Ifá. Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà lọ yan orí. Gbogbo wa la mọ bí àwọn méjì àkọ́kọ́ ṣe gbé orí tí òjò pa tó sì yìnrìn. Èyí tí a kì í sọ tó ni ti bàbá Afùwàpẹ́. Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín! Bí bàbá kan bá wà tó lè gbé orí tirẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́, òun ni. Wọ́n dá Ifá fún ọmọ náà nílé bàbá rẹ̀, wọ́n ní kó mú iyọ̀ àti owó dání, iyọ̀ náà ló sì là á lọ́nà. Orí nìkan ni kò sí nínú ohun tí bàbá di fún un.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ kí ọmọ wa wọ inú àkáǹtì Bàámi. Nígbà tó gba 40 nínú ìṣirò, ẹnì kan nínú ẹbí wò ó lójú, ó ní, "Akọ̀wé rélùwéè kì í ṣe báyìí." Ọmọ náà ò ṣiṣẹ́ rélùwéè rí. Nígbà tó gba ipò kìíní nínú eré sísá, wọ́n ní Bàbá kúkú máa ń sáré. Bó kùnà, tirẹ̀ ni. Bó yege, ti Bàbá ni.

Mo dá àkáǹtì tuntun fún un. Mo gbé fódà Bàámi síbi tí gbogbo ilé ti lè kà á, Màámi nìkan ló láṣẹ láti yí nǹkan padà nínú rẹ̀. Babátúndé ka ìtàn ìdílé títí dé ibi tó dúró, ó bi mí bóyá òun lè máa bá a lọ. Mo ní kó da tirẹ̀ kọ, kó máa kọ ọ́ lọ níbẹ̀.

Ó wá ní kí gbogbo wa kọjú sẹ́yìn kí òun lè tẹ password òun. Kò sọ ọ́ fún èmi administrator, kò sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀. Màámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ìyá Tólú, ṣó o rí nǹkan? Ṣebí bí wọ́n ṣe máa ń fọwọ́ bo tiwọn náà nìyẹn?"