Ṣé Òfò Ni Iná Tí A Dá Fún Ayọ̀?

Àwọn àgbà wa ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, a ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. A kò fi ìrìn-àjò yangàn níbí o. Ọmọ ló san owó ọkọ̀ òfurufú náà, kì í ṣe àwa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan tẹ̀lé wa bọ̀ láti ibẹ̀, a sì rí i pé ó kan gbogbo ọmọ Oòduà tó wà ní Òkè Ọya yìí, pàápàá àwa tí a ń péjọ lọ́dọọdún fún àjọ̀dún ẹgbẹ́. Owó tí ènìyàn ná, tí kò mú nǹkan kan wá ju ayọ̀ lọ, ṣé òfò ni?

Ọmọ wa obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ní kí àwa àti ìyá rẹ̀ wá sinmi lọ́dọ̀ òun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, ó kó wa lọ sí pápá ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Ashton Court, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún bàlúùnù. Láti ọdún 1979 ni wọ́n ti ń ṣe é. Kì í ṣe bàlúùnù tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ níbi ọjọ́ ìbí là ń wí o. Èyí ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ, aṣọ nílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi rán an, apẹ̀rẹ̀ tí ènìyàn ń dúró sí wà nísàlẹ̀ rẹ̀, iná gáàsì sì ń jó lókè orí ẹni tó ń wà á. Ẹni tó bá ti jókòó ti ààrò rí mọ ọgbọ́n rẹ̀: atẹ́gùn tó gbóná fúyẹ́ ju èyí tó tutù lọ, òkè ló ń lọ. Àwọn ọmọ ìyá méjì kan ní ilẹ̀ Faransé, àwọn Montgolfier, ló kọ́kọ́ fi han ayé ní ọdún 1783. Àgùntàn kan, pẹ́pẹ́yẹ kan àti àkùkọ kan ni wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sókè ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ni ọmọ ènìyàn tó gbà láti fò láìso okùn mọ́ ọn. A kò rò pé ẹnikẹ́ni bèèrè lọ́wọ́ àgùntàn yẹn bóyá ó fẹ́ lọ.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló yẹ kí àwọn bàlúùnù náà gbéra. Bí a ti ń retí ni wọ́n kéde pé atẹ́gùn ti le jù, kò sí fífò lónìí. Ẹ wò ó, ẹni tó ń wa nǹkan yìí kò ní ọwọ́ ìtọ́kọ̀. Ó lè lọ sókè, ó lè sọ̀ kalẹ̀, ó sì lè máa wá atẹ́gùn mìíràn lókè tàbí nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ló ń gbé e lọ, àwọn ènìyàn rẹ̀ á sì máa fi mọ́tò lé e ní ilẹ̀. Ká ní ọ̀dọ̀ wa ni, a ò bá ti pe alága kó wá ṣàlàyé. Àwọn ará ibẹ̀ kàn tẹ́ aṣọ sórí koríko ni, wọ́n yọ búrẹ́dì.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí atẹ́gùn rọlẹ̀, wọ́n gbé àwọn bàlúùnù náà nàró ní ìlà, wọ́n so wọ́n mọ́lẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀. Bí ìlù bá ti lù, iná á bù, bàlúùnù kan á mọ́lẹ̀ bí àtùpà, yóò kú, òmíràn á gbà á. Pupa, ofeefee, aró. Ìyá àwọn ọmọ di ọwọ́ wa mú, ohun tí kò ṣe ní gbangba rí láti ogún ọdún.

Àwa ń ka gáàsì. Òótọ́ la fẹ́ sọ. Ẹni tó bá ti gbé sílíńdà kiri nígbà tí owó gáàsì gbówó lórí yóò mọ ohun tó wà lọ́kàn wa. Iná tí kò se ọbẹ̀, ọkọ̀ tí kò lọ ibì kan! A sọ fún ọmọ wa pé òfò pátápátá ni èyí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dádì, ẹ má bínú o. Àjọ̀dún ẹgbẹ́ tiyín ńkọ́?"

A kò lè dá a lóhùn. Ohun tó sọ sí wa lọ́kàn ni ọ̀rọ̀ opó kan nínú ẹgbẹ́ wa. Ọdún kan wà tí a mú ankara, a gbé onílù wá, a pa màlúù. Ìyá yìí wọ ankara náà, ó jó, ó tilẹ̀ ná onílù ní owó díẹ̀. Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn náà kí a tó gbọ́ pé owó ìdánwò ọmọ rẹ̀ ló fi ra aṣọ. Ọmọ náà kò ṣe ìdánwò lọ́dún yẹn. Àwa la wà lára ìgbìmọ̀ tó yan aṣọ náà, àwa la sì sọ nípàdé pé ẹni tí kò bá rà á kò ní jókòó pẹ̀lú ẹgbẹ́.

Àwọn kan yóò ní kí a pa àjọ̀dún tì, kí a fi owó náà ran ọmọ lọ́wọ́ níléèwé. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà ní àjò nílò ọjọ́ kan tí yóò gbọ́ dùndún, tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò rí i pé àwọn kì í ṣe igi kan ṣoṣo nínú igbó. Ayọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo owó ló gbọ́dọ̀ bí owó. Ṣùgbọ́n ní pápá yẹn, ẹni tó ni bàlúùnù àti ẹni tí kò ní, iná kan náà ni wọ́n ń wò. A kò san owó ìwọlé ní ọdún tí a lọ, àfi owó ibi tí a gbé mọ́tò sí. Kò sí ẹni tó wo aṣọ ọrùn wa. A mọ̀ pé àwọn ilé iṣẹ́ tó kọ orúkọ wọn sára bàlúùnù kò ṣe é lásán, ìpolówó ọjà ni. Ó ṣì sàn kí olówó san owó ìlù ju kí opó san án.

A ti kọ̀wé sí akọ̀wé ẹgbẹ́ pé kí ọ̀rọ̀ aṣọ ọdún tó ń bọ̀ wà lára ohun tí a ó jíròrò ní ìpàdé. Kí ẹni tó bá lágbára rà á, kí ẹni tí kò lágbára wọ èyí tó ní, kí àga wọn má yàtọ̀. Àwọn kan ti ń kùn pé kò ní jẹ́ kí fọ́tò wa dára.

Nígbà tí a padà délé, ìyá àwọn ọmọ kó àwọn ankara ẹgbẹ́ jáde nínú àpótí, ó tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì, ó kà wọ́n. Mẹ́rìnlá ni. Méjì nínú wọn, a kò tíì rán wọn.