Àsíá, Ère àti Ẹni Tó Ń Dìde Dúró

Ohun tó ń sọ aṣọ aláwọ̀ mẹ́ta di ohun tí odindi ìlú ń dìde dúró fún kò jìnnà sí ohun tó ń sọ igi gbígbẹ́ di ère tí a ń bọ, àwọn àgbà Yorùbá sì ti sọ tiwọn lórí èyí pé bí ènìyàn kò sí, imalẹ̀, ìyẹn òrìṣà, kò sí, nítorí pé ọwọ́ ẹni tó ń bọ ọ́ ni agbára rẹ̀ ti ń wá. Àwọn àmì ìjọba Côte d'Ivoire, níbi tí àwọn ará Èjìgbò, ìlú Yorùbá kan ní Nàìjíríà, ti ń ṣòwò láti ìran dé ìran, pàápàá ní Abidjan, fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìdánwò tó le.

Ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1959, nígbà tí òmìnira ṣì ku bí oṣù mẹ́jọ, ni wọ́n fọwọ́ sí àsíá orílẹ̀-èdè náà: àwọ̀ ọsàn dúró fún ilẹ̀ ọ̀dàn ìhà àríwá, àwọ̀ ewé dúró fún igbó ìhà gúúsù, funfun tó wà láàárín wọn sì dúró fún àlàáfíà. Lẹ́yìn tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi Bouaké ṣe ibùjókòó, tí Abidjan sì wà lọ́wọ́ ìjọba, àwọn ọmọ ogun Faransé àti ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dúró sí agbedeméjì ilẹ̀ náà, wọ́n sì pe ibẹ̀ ní agbègbè ìfọkàntán. Ohun tí àsíá ti yà sílẹ̀ tipẹ́ wá hàn lórí ilẹ̀: àríwá lọ́tọ̀, gúúsù lọ́tọ̀, funfun láàárín. Àlàáfíà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú èyí tó ń ya ará ilé nípa ni.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 2010, lẹ́yìn ìbò ààrẹ tí àwọn méjèèjì sọ pé àwọn borí, Laurent Gbagbo àti Alassane Ouattara búra gẹ́gẹ́ bí ààrẹ lọ́jọ́ kan náà, Gbagbo láàfin, Ouattara nínú lẹ́tà, lábẹ́ àsíá kan ṣoṣo àti lórúkọ orílẹ̀-èdè tí gbólóhùn àmì rẹ̀ jẹ́ Ìṣọ̀kan, Ìkóra-ẹni-níjàánu, Iṣẹ́. Bí agbára bá wà nínú aṣọ náà fúnra rẹ̀, ì bá ti kọ ọ̀kan nínú wọn. Kò kọ ẹnikẹ́ni, nǹkan bí 3,000 ènìyàn sì ti kú kí ọ̀rọ̀ náà tó yanjú.

Orí erin ló wà lórí àmì àṣẹ ìjọba, ìyẹn àwòrán asà tí wọ́n ń tẹ̀ sórí ìwé ìjọba, bẹ́ẹ̀ sì ni eyín erin tí àwọn oníṣòwò òyìnbó ń kó ní etíkun náà ni orílẹ̀-èdè ọ̀hún fi jẹ́ orúkọ; ọdẹ Yorùbá á pe fífi orí ẹran tí a pa ṣe àmì bẹ́ẹ̀ ní ètùtù ju ẹ̀yẹ lọ.

Síbẹ̀, òwe àwọn àgbà kò sọ ẹni tí ìdìde dúró rẹ̀ já mọ́ nǹkan. Láti ọdún 1972, òfin ibẹ̀ ti fi ìdí jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè múlẹ̀ lórí òbí, kì í ṣe lórí ilẹ̀ tí a bí ènìyàn sí, nítorí náà ọmọ tí ará Èjìgbò méjì bí sí Treichville ní Abidjan lè kọ L'Abidjanaise (orin orílẹ̀-èdè náà) títí yóò fi mọ̀ ọ́n sórí, kí ó sì jẹ́ àjèjì síbẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Côte d'Ivoire, tí wọ́n ń pè ní Erin, na Nàìjíríà ní 2–1 nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Ebimpé ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024, ìwé ìrìnnà irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó pàdánù, orin tó mọ̀ sórí sì jẹ́ ti àwọn tó borí.