A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Òwe yìí rọrùn láti pa nígbà tí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ ilẹ̀ tàbí oyè. Ó ṣòro láti tẹ̀ lé nígbà tí orí náà gan-an bá ń ṣàìsàn. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: bí ìbànújẹ́ bá wó ènìyàn mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fẹ́ ohunkóhun mọ́, ǹjẹ́ ó tọ́ kí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ fi ẹ̀tàn mú un lọ gba ìwòsàn? N kò béèrè bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Èmi náà wà lára àwọn tó tanni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà ní Ìkọ̀lé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì ń dá oko iṣu. Òun ló kọ́ mi ní a, b, d. Òun ló jẹ́ kí n fẹ́ràn èdè tí mò ń kọ́ lónìí. Ní ọdún kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti wa iṣu tán, kò lọ sí oko mọ́. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò pariwo. Ó kàn ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. A gbé iyán síwájú rẹ̀, iyán tutù. Oorun dá lójú rẹ̀. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Àwọn kan ní iṣẹ́ ayé ni. Wọ́n gba ààwẹ̀, wọ́n ṣe ìṣọ́ òru. Nígbà tó di ọjọ́ kan, ó ní òun ti di ẹrù fún wa.

Àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ pé wọ́n ń fi iná mànàmáná tọ́jú irú àìsàn yìí ní ilé-ìwòsàn kan tó jìnnà sí wa. Wọ́n bẹ̀rù pé bó bá gbọ́ “iná”, kò ní í bá wa lọ. Nítorí pé ó gbà mí gbọ́ ju àwọn yòókù lọ, èmi ni wọ́n rán sí i. Mo ní, “Bàbá, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ la fẹ́ lọ ṣe.” Ó wò mí, ó sì wọ bàtà rẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, ọmọ rẹ̀ àgbà ló fọwọ́ sí ìwé. Kò sí ẹni tó bi bàbá ní ohunkóhun.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó béèrè iyán fúnra rẹ̀. Ó padà sí oko. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórúkọ, èyí tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kan ṣáájú ìtọ́jú náà, ti kúrò ní iyè rẹ̀ pátápátá. A fi fọ́tò hàn án. Ó ń wo ara rẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni ń wo àlejò. Ó ní, “Ẹ mú mi padà wá, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kò bi mí. Ìwọ gan-an kò bi mí.”

Ara rẹ̀ yá. A sì ṣẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ni méjèèjì, ọ̀kan kò sì pa èkejì rẹ́.

Kí a tó dájọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Ní 1938, ní ìlú Róòmù, Ugo Cerletti àti Lucio Bini fi iná mànàmáná mú gìrì bá ọkùnrin kan tí orí rẹ̀ dàrú, tí àwọn ọlọ́pàá rí ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Iná àkọ́kọ́ kò tó. Cerletti fúnra rẹ̀ ló ròyìn lẹ́yìn náà pé ọkùnrin náà kígbe pé kí wọ́n má tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe. Ọkùnrin náà sì gbádùn fún sáà kan. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ìwòsàn àti àìbéèrè ti jọ ń rìn.

Lóde òní, níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é bó ti yẹ, wọn a kọ́kọ́ fi oògùn kun aláìsàn lóorun, wọn a sì dẹ iṣan rẹ̀, kí iná tó gba inú ọpọlọ kọjá fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ó wà lára ìtọ́jú tó lágbára jù lọ fún ìsoríkọ́ tó le, ṣùgbọ́n ó lè mú ìgbàgbé wá. Ọ̀nà mìíràn sì ti là. Ní 1985, Anthony Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sheffield fi agbára òòfà ta ọpọlọ jí láti òde agbárí, láìsí oorun, láìsí gìrì. Ní 2008 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìsoríkọ́. Ní 2005, Helen Mayberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto ròyìn pé àwọn ki wáyà tín-ín-rín bọ inú ọpọlọ aláìsàn 6 tí oògùn kò ràn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara 4 nínú wọn ti fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ìdánwò tó tóbi jù ú lọ, tí a tẹ̀ jáde ní 2017, kò rí ìyàtọ̀ gúnmọ́ láàrin àwọn tí wọ́n tan iná fún àti àwọn tí wọn kò tan án fún. Bí àwọn amọ̀ye bá ṣì ń táràkà báyìí, kí ni ó wá yẹ kí àwa ará ilé máa dá lójú fún?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òkèèrè nìkan. Ní 1953, Carothers kọ̀wé fún Àjọ Ìlera Àgbáyé pé ìsoríkọ́ ṣọ̀wọ́n láàrin àwa adúláwọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, tó fi Arò ní Abẹ́òkúta lókìkí láti 1954, àti àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Cornell wọ àwọn abúlé Yorùbá ní 1961. Ìwé wọn jáde ní 1963. Wọ́n bá àmì àìsàn náà lọ́pọ̀ yanturu, bí àwọn ènìyàn kò tilẹ̀ ní orúkọ kan ṣoṣo fún un.

Níbi orúkọ yìí ni èmi tí mò ń kọ́ èdè ti rí nǹkan. A ní ìbànújẹ́: inú ló bàjẹ́. A ní ìrẹ̀wẹ̀sì: ọkàn ló rẹ̀wẹ̀sì. A ní ìsoríkọ́: orí ni a so kọ́. Bàbá náà a máa ní nǹkan ń rìn lórí òun, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ọdẹ orí. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tó sọ pé ẹni náà ti lọ. Ẹni tó ní “inú mi bàjẹ́” ṣì ń sọ pé “mi”. Inú bàjẹ́, onínú wà níbẹ̀.

Ẹnìkan lè já mi ní koro pé bí a bá bi irú ẹni bẹ́ẹ̀, àìsàn rẹ̀ ni yóò dáhùn. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Òótọ́ ni pé ìsoríkọ́ a máa fi ẹnu ẹni kọ ohun tí yóò gbà á là. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ń wọ ilé onílé? A ń kágò ni. Bí a kò bá gbọ́ ohùn, a tún kágò, a dúró díẹ̀, a tún pè. Bí iná bá ń jó ilé, bí ẹni náà bá fẹ́ pa ara rẹ̀, a fọ́ ilẹ̀kùn, kò sì sí ẹni tí yóò bá wa wí. Ilé bàbá náà kò jóná lọ́jọ́ tí mo purọ́ fún un. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kàn pa dé ni, èmi kò sì kágò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun tó burú jù nínú ẹ̀tàn náà nìyí: àìsàn náà ti ń sọ fún bàbá pé kò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Nígbà tí a pinnu lórí orí rẹ̀ láìbi í, a gbè sẹ́yìn àìsàn náà. Bákan náà, òun ló san owó ìtọ́jú náà ní ti gidi, nítorí pé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí yóò san owó ni a ń dá iye fún.

Òfin pàápàá ti ń tọ́ka síbẹ̀. Ní oṣù kìíní 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó rọ́pò ti 1958, ó sì fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti mọ ìtọ́jú tí a fẹ́ ṣe fún un kó tó gbà. Ṣùgbọ́n òfin kì í jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwa ni a ń jókòó níbẹ̀. Ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó, yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní 2011 sì wà ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Ohun tó jẹ́ ìtàn òkèèrè lónìí lè dé ẹnu ọ̀nà wa lọ́la.

Ní ọdún tó kọjá, àìsàn náà tún fẹ́ yọjú. Mo wọkọ̀ láti Ọ̀yẹ́ lọ sí Ìkọ̀lé, mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ ìdáríjì. Mo wá ní, “Bàbá, oògùn wà, iná náà sì wà. Iná lè ràn yín lọ́wọ́, ó sì lè mú nǹkan kúrò ní iyè yín. Kí lẹ fẹ́?” Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní òun yóò rò ó. Mo sùn síbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ó ní kí n bá òun wá ìwé kékeré kan àti bírò: bó bá di ọ̀rọ̀ iná, òun yóò kọ àwọn ohun tí òun kò fẹ́ gbàgbé sílẹ̀ kí òun tó lọ. Orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ. Lẹ́yìn náà ni àwa méjèèjì jọ lọ bá dókítà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹni tiyín bá so orí kọ́, ẹ wá ìwòsàn fún un, ẹ má fi falẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kágò ná.