Orí Tí Kò Jinná Nínú Iná Àjàlá

Ìyá tó mọ ìkòkò rà kì í fi ojú nìkan rà á. Á gbé e sókè, á fi oríkèé ìka kàn án lára, á sì tẹ́tí. Bí ó bá ró gooro, ọwọ́ á lọ síbi owó. Bí ohùn rẹ̀ bá kú, á rọra gbé e kalẹ̀: ó ti sán níbi tí ojú kò rí, tàbí iná kò jẹ ẹ́ tó. Ibi kíkàn yìí gan-an ni Ifá ti bá wa sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́.

Nínú odù Ifá tí wọ́n ń pè ní Ògúndá Méjì, ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé: Oríṣéèkú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní láti yan orí nílé Àjàlá Alámọ̀, ẹni tó ń fi amọ̀ mọ orí ẹ̀dá lọ́run. Àwọn méjì gba tààrà lọ. Afùwàpẹ́ ní òun kò ní lọ láì rí bàbá òun. Wọ́n dífá fún un, wọ́n ní kó fi iyọ̀ àti owó rúbọ, wọ́n sì bù níbẹ̀ fún un kó mú lọ́nà.

Àwọn tó ṣáájú kò bá Àjàlá nílé. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé orí tuntun tó wù wọ́n lójú, wọ́n ń bọ̀ wá sáyé. Òjò ká wọn mọ́nà. Ó ń pa orí náà, ó ń họ ọ́, títí ó fi rí pẹlẹbẹ. Nígbà tí wọ́n délé ayé, wọ́n ṣiṣẹ́ títí. Títún orí ṣe ló ń jẹ gbogbo èrè wọn.

Afùwàpẹ́ bá oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀. Ó fún un ní iyọ̀. Oníbodè tọ́ ọ wò, ó sì sin ín lọ sílé Àjàlá. Àjàlá ti sá gun àjà nítorí olówó tó wá sin gbèsè. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó mú ọ̀pá irin, ó ń lu àwọn orí náà: èyí fọ́, ìyẹn fọ́, títí ó fi kan èyí tó ró. Òjò rọ̀ lé ìyẹn náà, kò rí i ṣe.

Ifá kò sọ pé Àjàlá kò mọṣẹ́. Ó mọ orí tó dáa, ó mọ èyí tí kò dáa, síbẹ̀ ó kó méjèèjì sínú yàrá kan. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń gé búlọ́ọ̀kù. Ó mọ iye tó yẹ kí àpò símẹ́ǹtì kan bí, ó mọ̀ pé ó yẹ kí búlọ́ọ̀kù tútù máa mu omi fún ọjọ́ mélòó kan kó tó gbó. Ṣùgbọ́n ó fi yanrìn bò ó, ó tà á lọ́jọ́ kejì. Kì í ṣe àìmọ̀. Ó ti gun àjà ni.

Àwa tó ń ra iṣẹ́ ńkọ́? A ná oníṣẹ́ títí owó kò fi ká símẹ́ǹtì mọ́, a tún ń retí ògiri tí kò ní sán. Afùwàpẹ́ kò rí orí rere lọ́fẹ̀ẹ́. Ó yà lọ́nà, ó béèrè, ó sanwó. Àwọn tó gba tààrà ló kọ́kọ́ débẹ̀. Àwọn náà ni kò bọ́ nínú àtúnṣe.

Ẹ sì kíyè sí ọ̀pá irin yẹn. Ọwọ́ Àjàlá fúnra rẹ̀ ló wà. Amọ̀kòkò tó bá lu iṣẹ́ ara rẹ̀ nínú ilé, àdánù tirẹ̀ mọ síbẹ̀. Èyí tí kò bá lù, òjò á bá a lù ú, lórí olórí.